Kámù Wo Ló Bá Ọkọ̀ Onítọ́bò Mu?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé irin yìí káàkiri láti ọwọ́ dé ọwọ́. Mo ti nù ún, kò ní ta epo sí yín láṣọ. Ẹ fi èékánná gba orí àwọn kókó tó yọ lára rẹ̀ kọjá. Ẹyin la máa ń pè wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi, torí bí wọ́n ṣe rí. Nígbà tí ẹ bá dé orí ẹyin kẹta, ẹ ó rí i pé ó ń họ èékánná, orí rẹ̀ sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹyin sísè tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé lórí. Kámù ni irin yìí: bó ṣe ń yí, ẹyin ara rẹ̀ ló ń ṣí fáàfù, ìyẹn àwọn ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì tí èéfín sì ń gbà jáde. Oṣù mẹ́rin péré ló lò nínú ẹ́ńjìnì. A óò padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n wá dáhùn nìyí: èèyàn ní ọkọ̀ onítọ́bò, ìyẹn ọkọ̀ tí èéfín ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì náà, ó ń gbé e lọ sí ibi iṣẹ́, ọkọ̀ yẹn náà ló fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó wá fẹ́ kó yá ju bó ṣe ń yá lọ. Kámù wo ni kó rà? Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: kámù méjì nínú páálí, wọ́n ń dán yanran, wọ́n kọ 272 tàbí 280 sí páálí lára. "Ọ̀gá, ṣé èyí dáa?" Èmi náà á bi í pé, "Tọ́bò wo ló wà lórí ẹ́ńjìnì yẹn?" Ọ̀pọ̀ wọn kì í dá mi lóhùn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tọ́bò ló ń yan kámù. Onímọ́tò kọ́, ẹni tó ń tà á kọ́.

Ẹ jẹ́ ká yára fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Kámù máa ń yí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kíráǹkì, irin tí písítìn ń yí, bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn dígíríì 720 ti kíráǹkì. Ohun mẹ́ta ni ẹyin kámù ń pinnu fún fáàfù: bó ṣe máa ṣí fẹ̀ tó, bó ṣe máa pẹ́ ní ṣíṣí tó, àti ìgbà tó máa ṣí. Mìlímítà la fi ń wọn ti àkọ́kọ́, dígíríì kíráǹkì la fi ń wọn ti ìkejì. Nọ́ńbà 272 tí ẹ ń rí lára páálí, bí fáàfù ṣe ń pẹ́ ní ṣíṣí ló ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun kẹta, ohun kẹta yẹn sì ni wàhálà ọkọ̀ onítọ́bò.

Nígbà tí písítìn bá ń gòkè láti ti èéfín jáde, fáàfù èéfín wà ní ṣíṣí. Kó tó padé tán, fáàfù afẹ́fẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Fún ìgbà díẹ̀, ilẹ̀kùn méjèèjì ló ṣí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ìgbà yẹn ní ìjọṣí. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ ro dígíríì kámù afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ ti kámù èéfín, ẹ pín in sí méjì; lẹ́yìn náà, ẹ mú àlàfo tó wà láàárín orí ẹyin méjèèjì ní ìlọ́po méjì, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ká ní méjèèjì jẹ́ 240, kí àlàfo jẹ́ 114. Ẹ yọ 228 kúrò nínú 240, ó ku 12. Ẹ wá gbé 264 pẹ̀lú àlàfo 112, ó di 40. Ẹ gbé 280 pẹ̀lú àlàfo 108, ó di 64. Lójú páálí, dígíríì 16 péré ni 280 fi ju 264 lọ. Nínú ẹ́ńjìnì, ìjọṣí ti lé ní ìlàjì sí i.

Lórí ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò, ìjọṣí gígùn dára nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré gan-an. Èéfín tó ń sá jáde máa ń fa afẹ́fẹ́ tuntun tẹ̀lé ara rẹ̀, bí ẹni tó ń jáde lọ tó fa aṣọ ìkélé dání. Ibẹ̀ ni òkìkí kámù ńlá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn wá gbé e wá sórí ọkọ̀ onítọ́bò láìyí ohunkóhun padà. Àmọ́ èéfín ọkọ̀ onítọ́bò kò rí ọ̀nà sá lọ lásán. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí àgbá tọ́bò kó tó dé sàlẹ́ńsà. Bí tọ́bò bá kéré, èéfín á kó jọ sínú manifóòdù, ìyẹn páìpù tó ń kó èéfín láti ẹnu ẹ́ńjìnì lọ sí tọ́bò, ìfúnpá á sì ga níbẹ̀. Tọ́bò lè máa ti afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú búùsìtì (ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó ń tì wọlé) bar 1, kí ìfúnpá inú manifóòdù èéfín jẹ́ bar 2. Ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló máa borí? Èéfín á padà wọ inú sílíńdà, á gbóná, á gba àyè afẹ́fẹ́ tuntun, á sì mú kí epo fẹ́ jó ṣáájú àkókò rẹ̀. Ìyẹn ni ariwo kán-kán-kán tó máa ń fọ́ písítìn.

Ẹni tó bá ti gbé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ilé ń lo gọ́tà kan ṣoṣo, á mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ẹnu gọ́tà bá fún, tí aládùúgbò rẹ da omi ìfọṣọ, inú balùwẹ̀ tìrẹ ni omi ọṣẹ máa gbà yọ. Bí ẹ́ńjìnì oní-sílíńdà mẹ́rin ṣe rí nìyẹn. Ìtò ìjóná rẹ̀ ni 1-3-4-2. Lásìkò tí sílíńdà kìíní bá wà ní ìjọṣí, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì ṣí, sílíńdà kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fáàfù èéfín tirẹ̀ ni, pẹ̀lú gbogbo agbára ìjóná. Ìbúgbàù yẹn á gba inú manifóòdù, á kọlu sílíńdà kìíní. Bí kámù èéfín bá ṣe ń pẹ́ ní ṣíṣí tó, bẹ́ẹ̀ ni ìkọlù yìí ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe Mitsubishi Lancer Evolution fi pín ọ̀nà èéfín sí méjì nínú tọ́bò: sílíńdà 1 àti 4 ń lo ọ̀nà kan, 2 àti 3 ń lo èkejì. Gọ́tà méjì nínú ilé kan. Irú tọ́bò bẹ́ẹ̀ máa ń gba kámù tó tóbi díẹ̀ láì bínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ èyí, torí kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé Passat rẹ̀ wá, ẹ́ńjìnì 1.8T ti Volkswagen. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: cc 1,781, fáàfù márùn-ún lórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta fún afẹ́fẹ́, méjì fún èéfín. Tọ́bò K03 kékeré ló wà lórí ẹ̀. Ó ti ra kámù ńlá dání, owó ti jáde lápò rẹ̀, inú èmi náà sì dùn torí mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tuntun. Mo dè é. Ẹ̀yin ará, ẹ ò bá gbọ́ bí ọkọ̀ yẹn ṣe ń dún ní sílóò, nígbà tó dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́! Gbù-gbù-gbù, gbù-gbù-gbù, àwọn ọmọ àdúgbò ń yọrí. Ó fún mi lówó lórí owó iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta ó pè mí láti orí Third Mainland Bridge, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. "Ọ̀gá, búréèkì ti le bí òkúta." Mo ní ṣé epo búréèkì ti tán ni. Kò tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìfàmọ́ra inú manifóòdù afẹ́fẹ́ ló ń ran ẹsẹ̀ wa lọ́wọ́ lórí búréèkì, ìjọṣí gígùn sì ti ba ìfàmọ́ra yẹn jẹ́ ní sílóò. Bó bá tan AC, ẹ́ńjìnì á fẹ́ kú. Nígbà tí ọ̀nà wá là, tọ́bò tó máa ń jí kí ìyípo ẹ́ńjìnì tó dé 2,500 ní ìṣẹ́jú kan kò jí mọ́ títí ìyípo fi ń lọ sí 4,000. Bó ṣe dé orí 5,500, níbi tó yẹ kí kámù ńlá ti máa ṣiṣẹ́, K03 kò ní èémí mọ́. A pàdánù ìsàlẹ̀, a ò rí òkè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo tú u, mo dá kámù àtijọ́ padà, mo sì dá owó iṣẹ́ padà fún un. Kò ṣẹ̀ mí, èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Ìdí tí tọ́bò fi pẹ́ jí kì í ṣe ìjọṣí nìkan. Ìgbà tí fáàfù afẹ́fẹ́ ń padé ṣe kókó ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ká ní orí ẹyin kámù afẹ́fẹ́ wà ní dígíríì 110 lẹ́yìn tí písítìn dé òkè. Kámù 240 á padé ní dígíríì 50 lẹ́yìn tí písítìn ti dé ìsàlẹ̀. Kámù 280 á padé ní 70. Ní gbogbo àkókò yẹn, písítìn ti ń gòkè bọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ni písítìn máa tì padà síta. Afẹ́fẹ́ kékeré, iná kékeré, èéfín kékeré, tọ́bò ń sùn. Ẹni tó ń wakọ̀ láti Mọ́kọ́lá lọ sí Challenge láàárọ̀ kì í sábà kọjá ìyípo 3,500. Kí ló fẹ́ fi kámù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 5,000 ṣe?

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó lórí kámù, ẹ lọ wọn ìfúnpá manifóòdù èéfín. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ lu ihò kékeré sí manifóòdù, ẹ de páìpù bàbà tín-ín-rín mọ́ ọn, ẹ ká páìpù náà bí sípíríǹgì kí ooru lè jáde lára rẹ̀, ẹ wá so ó mọ́ géèjì nínú ọkọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sí jíà kẹta, ẹ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà tó dá, kí ẹlòmíràn máa ka géèjì yìí àti géèjì búùsìtì. Bí ìfúnpá èéfín bá jẹ́ ìlọ́po méjì búùsìtì, ẹ fi kámù tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Tọ́bò ni kí ẹ fi owó yẹn rà. Bó bá wà ní bí ìlọ́po kan ààbọ̀, kámù tó fi díẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ, bíi 256 sí 264, pẹ̀lú àlàfo tó fẹ̀, 112 sókè, lè ṣe yín lóore. Ìgbà tí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni mo tó máa ń sọ̀rọ̀ 272 fún ọkọ̀ ojú pópó. 280 fún ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́? Èmi ò ní dè é fún yín, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá rò pé mò ń bẹ̀rù ni, kó wo ẹ́ńjìnì 2JZ-GTE ti Toyota Supra. Kámù tí wọ́n fi sínú rẹ̀ nílé iṣẹ́ kò pé dígíríì 240. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ti gba agbára ẹṣin tó lé ní 600 lára ẹ́ńjìnì yẹn láìyọ kámù rẹ̀. Tọ́bò ńlá ni wọ́n fi ṣe é. Iṣẹ́ tí kámù gígùn ń ṣe fún ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò, ìyẹn kíkó afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé, tọ́bò ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ páálí kù. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ síta kì í ṣe ohun kan náà láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n sábà máa ń fi ìwọ̀n kejì kún un, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ nígbà tí nǹkan tí ẹyin ń tì bá ti gòkè dé mìlímítà 1.27. Ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù máa ń ka tiwọn ní mìlímítà 1. Láàárín nọ́ńbà tí wọ́n fi ń polówó àti ìwọ̀n 1.27 yẹn, ìyàtọ̀ lè tó dígíríì 40 sí 60 lórí kámù kan náà. Torí náà, ẹ má fi 264 ti HKS láti Japan wé 264 ti Cat Cams láti Bẹ́ljíọ̀mù tàbí ti Kelford láti New Zealand lójú lásán. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ̀, ẹ kí i dáadáa kí ẹ sì máa lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró pẹ́ díẹ̀ lórí sípíríǹgì fáàfù, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Búùsìtì kì í wọ inú sílíńdà nìkan. Ó ń ti ẹ̀yìn fáàfù afẹ́fẹ́ pẹ̀lú, ó fẹ́ ṣí i. Fáàfù afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnì 4G63 ti Evolution fẹ̀ tó mìlímítà 34. Ní búùsìtì bar 1.5, agbára tó ń ti fáàfù kan ṣoṣo yẹn jẹ́ bíi kílò 14. Ti èéfín jẹ́ mìlímítà 30.5, bí ìfúnpá manifóòdù bá dé bar 2, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 15 lórí ìyẹn náà. Sípíríǹgì tó ti lo ogún ọdún, tó ti rọ̀, ló ń bá ìyẹn jà. Ẹ wá fi kámù tó ń gbé fáàfù sókè jù ti tẹ́lẹ̀ lọ kún un. Ọkọ̀ kan wà tó máa ń já ní ìyípo 6,200, pá-pá-pá, bí ẹni pé iná ń já. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, pọ́ǹpù epo, wọ́n tiẹ̀ ti pe rewáyà lẹ́ẹ̀mejì. Fáàfù ni kò lè padé bọ̀rọ̀. Sípíríǹgì tuntun ló wo ọkọ̀ náà sàn. Ẹ jọ ra kámù àti sípíríǹgì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì rí i dájú pé bí kámù bá gbé fáàfù dé òkè pátápátá, òrùka sípíríǹgì kò gbá ara wọn mọ́ra.

Ní ti dídè, amọ̀ àwọn ọmọdé, èyí aláràbarà tí wọ́n fi ń ṣeré ní ilé ẹ̀kọ́, ni irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi díẹ̀ lẹ orí písítìn níbi tí fáàfù ń bọ̀ sí, ẹ fi epo pa á kó má bàa lẹ̀ mọ́ fáàfù, ẹ de hẹ́ẹ̀dì, ẹ fi ọwọ́ yí kíráǹkì lẹ́ẹ̀mejì gbáko, jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ tú u, ẹ fi abẹ gé amọ̀ náà, ẹ wọn ibi tó tín-ín-rín jù. Mo máa ń fẹ́ mìlímítà 2 ó kéré tán fún fáàfù afẹ́fẹ́, 2.5 fún ti èéfín, torí pé ooru ń mú kí ti èéfín gùn sí i. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: lórí 1.8T, ohun tó ń ti fáàfù ń lo epo ẹ́ńjìnì láti fi le. Bí epo bá ti gbẹ nínú rẹ̀, á rì, amọ̀ á sì purọ́ fún yín pé àyè wà. Ẹ fi èyí tó le gbagidi dípò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú sípíríǹgì ìdánwò tó rọ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé tí ẹ bá yí jíà kámù síwájú tàbí sẹ́yìn lẹ́yìn náà, àyè yẹn yí padà. Ẹ tún un wọ̀n.

Ẹnìkan ń na ọwọ́ lẹ́yìn. Ó ní ṣebí àwọn ọkọ̀ tuntun ń lo ìjọṣí púpọ̀ ní ìsàlẹ̀ láti fi jí tọ́bò. Òótọ́ ni, ó dára tí o sọ ọ́. Àmọ́ ẹ́ńjìnì tó ń tú epo sí inú sílíńdà tààrà ni wọ́n, ó sì lè dúró kí fáàfù èéfín padé kó tó tú epo. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, epo kò ṣòfò. Ẹ̀rọ tó ń yí kámù tún wà lára rẹ̀ tó máa dín ìjọṣí kù nígbà tí ìfúnpá èéfín bá ga. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Kámù inú páálí kò lè yí ọkàn rẹ̀ padà.

Irin tó ń lọ káàkiri dà? Ó ti dé iwájú. Ẹ ṣeun. Kámù yìí kì í ṣe tuntun. Wọ́n mú èyí tó ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ irin, wọ́n ní kí wọ́n lọ ẹ̀yìn ẹyin náà kéré kí orí rẹ̀ lè dà bíi pé ó ga. Iṣẹ́ yẹn ṣeé ṣe, àwọn kan sì ń ṣe é dáadáa. Àmọ́ ibi tó le lójú kámù kò jìn. Ìta rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá lọ ọ́ kọjá ibẹ̀ láìtún un mú le, irin rírọ̀ ni ẹ ń fi ra irin líle. Wọ́n tún dáná sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fi sílẹ̀ ní sílóò fún wákàtí kan, wọ́n ń jẹun. Kámù tó ń fi ojú ra ojú, tí kò ní róólà lábẹ́, ẹ fi gíríìsì kámù pa á, kí ẹ́ńjìnì gbọ̀n dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ gbé e sí ìyípo 2,000 sí 2,500 fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ní sílóò, epo tó ń ta sí i lára kò tó.

Mo rí i pé àwọn kan ṣì ń wò mí bí ẹni pé mo gba ohun ìṣeré lọ́wọ́ wọn. Ó dáa. Mo gbé ọkọ̀ kan wá, ó wà lábẹ́ igi máńgòrò níta, 1.8T náà ni, K03 náà ló wà lórí ẹ̀. Mo ti de páìpù bàbà yẹn mọ́ manifóòdù rẹ̀ láàárọ̀, géèjì méjì sì wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni méjì lè bá mi jókòó lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan á máa ka búùsìtì, èkejì á máa ka ti èéfín. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ wọlé?